Eegun ta ni? Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń dá àwọn ìbátan kìnnìún tó ti parun mọ̀

Ilẹ̀ Àjàngbàdì, títí dé Ìbà àti Òkokomáíkò, kì í ṣe ilẹ̀ olókùúta. Iyanrìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ gbẹ́ kànga tàbí kòtò ṣaláńgá níbẹ̀ kò nílò òòlù rárá. Bí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ bá wá hú eegun kan jáde láàárín iyanrìn yìí, pàápàá eegun àgbọ̀n tí eyín gígùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ohun tí èrò máa kọ́kọ́ sọ ni pé ẹkùn ni. Ẹlòmíràn á ní rárá, kìnnìún ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn á ti dé ọjà Alábà pé wọ́n rí ẹranko abàmì kan tó ti gbé ayé kí ẹnikẹ́ni tó tẹ Èkó dó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ajá ni, tàbí akọ ẹlẹ́dẹ̀ tí eyín rẹ̀ yọ síta.

Àmọ́ ìbéèrè tí àwọn èrò yẹn ń béèrè kì í ṣe ìbéèrè ọ̀lẹ. Bí ẹranko kan bá ti parun pátá, tí kò sí ẹni tó wà láyé tó fojú rí i rí, báwo ni ènìyàn ṣe ń mú eegun tí kò ju àtàńpàkò lọ, tí yóò sì fi ìdánilójú sọ pé ìbátan kìnnìún ló ni ín? Àwọn kan ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò sì jìnnà sí ọ̀nà tí ọdẹ ilẹ̀ wa ń gbà wo ipasẹ̀ lójú ọ̀nà oko, tí yóò sì sọ irú ẹranko tó kọjá àti ìgbà tó kọjá.

Kí a tó dé orí eegun, ó yẹ kí a tún orúkọ ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n kọ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé ẹkùn ni ẹranko abìlà gàgàrà tó wà nínú àwòrán ìwé àwọn Òyìnbó. Ẹranko abìlà yẹn kò gbé ilẹ̀ Áfíríkà rí. Ilẹ̀ Éṣíà ni ilé rẹ̀, láti Índíà títí dé ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà. Ẹkùn tí àwọn baba wa mọ̀, tí àwọn ọba ń jókòó sórí awọ rẹ̀, èyí tó ní àmì tótòtó lára ni. Ti àmọ̀tẹ́kùn, orúkọ tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá fún ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ẹnu kò tíì kò lórí rẹ̀: àwọn kan ní ẹkùn kan náà ni, àwọn mìíràn ní ẹ̀yà mìíràn tó jọ ọ́ ni. Àwọn àgbà sì ní bí ẹkùn kò bá fẹ̀, èse là ń pè é. Ọ̀rọ̀ ìwà nìyẹn o. Eegun kì í wo ti ìwà, bẹ́ẹ̀ ni kò wo àwọ̀ ara, nítorí pé awọ, irun àti àmì tótòtó ló ń kọ́kọ́ jẹrà.

Eyín ni àwọn onímọ̀ máa ń kọ́kọ́ wá. Kò sí ohun tó le tó ara òde eyín nínú ara ẹranko, ìdí nìyẹn tó fi ń kù nígbà tí ohun gbogbo bá ti di erùpẹ̀. Ẹ wo ẹnu ológbò ilé yín bó bá ń yán. Eyín 30 ló wà níbẹ̀ bó bá ti dàgbà, iye kan náà tó wà lẹ́nu kìnnìún àti ẹkùn. Ajá ní 42. Ìkookò tó ń fọ́ eegun jẹ sábà máa ń ní 34. Ẹnu ológbò kúrú, eyín rẹ̀ sì kéré níye, nítorí pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n wà fún: pípa ẹran àti gígé ẹran.

Lẹ́yìn eyín ṣóńṣó gígùn mẹ́rin tó wà ní igun ẹnu, eyín kan wà lókè àti ọ̀kan nísàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó fẹjú pẹrẹsẹ bí abẹ. Bí ẹranko náà bá pa ẹnu dé, èyí tòkè á fẹ̀gbẹ́ kan èyí tìsàlẹ̀ kọjá, gẹ́lẹ́ bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Ajá náà ní irú eyín yìí, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ní ìdí tó fẹ̀ lẹ́yìn, àwọn eyín mìíràn tó ń lọ nǹkan sì tẹ̀ lé e, nítorí pé ajá lè jẹ ẹ̀bà, ó lè jẹ èso. Ti ìkookò nípọn, àwọn tó wà níwájú rẹ̀ sì rí rìbìtì bí ọmọ odó, fún fífọ́ eegun. Ti ológbò kò ní ibi tí yóò ti lọ nǹkan. Abẹ lásán ni. Nítorí náà, bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá rí eyín abẹ kan ṣoṣo tí kò ní ibi ìlọ-nǹkan rárá, ó ti mọ ẹbí tó ni ín kó tó gbé e kúrò nílẹ̀.

Ẹsẹ̀ náà ń jẹ́rìí. Ológbò máa ń kó èékánná rẹ̀ sínú àkọ̀ nígbà tó bá ń rìn, kí ó má baà kú. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, eegun ọmọ ìka kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí èékánná lè ráyè sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti ajá gún régé ní ọ̀tún àti lósì. Eegun ìka yìí kò tóbi ju ẹ̀pà lọ lára ológbò ilé, síbẹ̀ ó tó láti yanjú àríyànjiyàn.

Láti mọ ẹbí kò le púpọ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti le ni láti mọ èwo gan-an nínú ẹbí. Eyín abẹ ìsàlẹ̀ ti kìnnìún máa ń gùn tó sẹ̀ńtímítà méjì àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ẹkùn kì í sábà kọjá méjì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ tóbi ju abo lọ, ìwọ̀n ẹran kan náà sì lè yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn. Agbárí kìnnìún àti ti ẹranko abìlà Éṣíà jọra débi pé àwọn tó ti dàgbà sídìí iṣẹ́ náà ṣì máa ń yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń wò ni ìsàlẹ̀ eegun àgbọ̀n, tí ti kìnnìún tẹ̀ kọrọdọ díẹ̀ nígbà tí ti ìkejì rẹ̀ tẹ́jú. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè ṣe iṣẹ́ yìí láti orí. Àfi kí ó ní eegun àwọn tó ṣì wà láyé lọ́wọ́, kì í ṣe ọ̀kan tàbí méjì, kí ó wọn gbogbo wọn, kí ó tó wá gbé àjèjì náà sí àárín wọn. Ìdí nìyí tí àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá fi ń tọ́jú agbárí ẹranko kan náà ní ọgọ́ọ̀rọ̀, ohun tó lè dà bí ìwọra lójú ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀.

Àwọn tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó ti parun ni àwọn eléyín-idà. Ẹ fi ọwọ́ kan eyín ṣóńṣó kìnnìún: ó ki rìbìtì bí ìka ọwọ́. Ti eléyín-idà fẹjú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ọ̀bẹ, etí rẹ̀ sì sábà máa ń ní eyín wẹ́wẹ́ bíi ti ayùn, tí ìka lè mọ̀ lára bí ojú kò bá tilẹ̀ rí i. Àwọn kan nínú wọn, bíi Megantereon tó gbé Áfíríkà àti Smilodon tó gbé Amẹ́ríkà, ní eyín tó gùn tó sì tín-ín-rín. Àwọn mìíràn bíi Homotherium ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó fẹ̀, tí ayùn etí rẹ̀ sì gún ọwọ́. Dinofelis wà ní agbedeméjì, kò ṣe idà tán, kò ṣe ti kìnnìún tán. Orúkọ tí àwọn Òyìnbó ojú pópó ń pè wọ́n, tó sọ wọ́n di ọmọ ìyá ẹranko abìlà Éṣíà, kò tọ̀nà rárá. Ó ti tó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù ọdún tí ìran àwọn eléyín-idà ti ya kúrò lára ìran tó bí kìnnìún, ẹkùn àti ológbò ilé. Wọn kò fi ọmọ kankan sílẹ̀ sáyé.

Irú eyín yìí ti tan ọ̀gá jẹ rí. Georges Cuvier, ará Faransé tí ayé ìgbà rẹ̀ gbà pé kò sí ẹni tó mọ eegun tó o, rí eyín eléyín-idà, ó sì gbà pé béárì ló ni ín. Ní 1824, ó sọ ọ́ ní Ursus cultridens, béárì eléyín-ọ̀bẹ. Ó di 1833 kí Johann Kaup, ọmọ Jámánì, tó sọ pé ẹbí ológbò ni, tó sì fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní, Machairodus. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Cuvier rọrùn láti lóye: eyín kan ló rí láìsí agbárí tó ti jáde. Lójú tèmi, ìtàn yìí ló yẹ kí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbé eyín dání tó ń pariwo.

Ẹ̀yìn ọ̀tún rẹ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Láàárín 1978 sí 1981, wọ́n hú àwọn eegun kan ní Meswa Bridge ní Kẹ́ńyà, wọ́n sì kó wọn sínú dúrọ́ọ̀ ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Nairobi. Ibẹ̀ ni wọ́n wà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí Matthew Borths fi ṣí dúrọ́ọ̀ náà nígbà tó ń wá nǹkan mìíràn. Ní 2019, òun àti Nancy Stevens gbé ìwé jáde pé ẹranko tuntun ni, wọ́n sì fún un ní orúkọ Swahili, Simbakubwa kutokaafrika, kìnnìún ńlá láti Áfíríkà. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó mílíọ̀nù ọdún 22. Orúkọ nìkan ló sì jẹ́ kìnnìún. Ìwọ̀n eyín abẹ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta mẹ́ta, nígbà tí gbogbo ẹbí ológbò kò ní ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ. Ìran mìíràn ni, tó ti parun pátápátá, tó kàn ń ṣe irú iṣẹ́ tí kìnnìún ń ṣe lónìí.

Èyí tó sún mọ́ Nàìjíríà jù lọ wà ní Chad, aládùúgbò wa lókè lọ́hùn-ún. Ní oṣù keje ọdún 2001, nínú aṣálẹ̀ Djurab, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Toros-Menalla, ọmọ Chad kan, Ahounta Djimdoumalbaye, rí agbárí kan tó di olókìkí káàkiri ayé lábẹ́ orúkọ Toumaï. Michel Brunet ló darí ikọ̀ náà. Agbárí yẹn tó mílíọ̀nù ọdún méje, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ó wà lára àwọn tó pẹ́ jù lọ nínú ìran ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ṣì ń jiyàn. Òkìkí Toumaï bo àwọn ẹranko tí wọ́n hú pẹ̀lú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹja wà níbẹ̀, ọ̀nì wà níbẹ̀, ìbátan erin àti erinmi wà níbẹ̀, nítorí pé etí adágún omi ńlá ni ibi tó ti di iyanrìn gbígbẹ lónìí.

Ìbátan kìnnìún náà sì wà níbẹ̀. Ní 2005, Stéphane Peigné àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde eléyín-idà tuntun kan láti Toros-Menalla, wọ́n sọ ọ́ ní Machairodus kabir; kabir ni "ńlá" lédè Lárúbáwá. Wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ó lè ju 350 kílò lọ, ìyẹn ni pé ó tóbi ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ akọ kìnnìún ayé ìsinsìnyí. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn onímọ̀ mìíràn ti kó o lọ sí abẹ́ orúkọ Amphimachairodus. Ẹ má jẹ́ kí ìyípadà orúkọ yìí dà yín láàmú. Eegun náà kò yí padà, bí wọ́n ṣe tò ó mọ́ àwọn ìbátan rẹ̀ ló yí. Ní 2018, wọ́n tún kéde ìkejì láti ibẹ̀ kan náà, Lokotunjailurus fanonei. Lars Werdelin ló kọ́kọ́ fún irú ẹranko ìkejì yìí lórúkọ ní 2003, láti ara eegun tí wọ́n hú ní Lothagam ní Kẹ́ńyà, ohun tó sì yà á sọ́tọ̀ níbẹ̀ ni èékánná àtàńpàkò rẹ̀ tó tóbi kọjá àlà. Ní 2023, wọ́n tún fi irú rẹ̀ mìíràn hàn ní Langebaanweg ní Gúúsù Áfíríkà. Nítorí náà, láti etí adágún Chad títí dé ìsàlẹ̀ Áfíríkà ni ẹbí yìí ti rìn, àwọn tó jọ ènìyàn sì ń gbé láàárín wọn láìní ìbọn, láìní àdá.

Ìgbé ayé yẹn kò rọrùn, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lórí agbárí kan láti inú ihò Swartkrans ní Gúúsù Áfíríkà. Ọmọdé kan nínú ìran tó jọ ènìyàn ló ni agbárí náà, ihò méjì sì wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, àwọn kan rò pé ìjà láàárín àwọn ẹ̀dá wọ̀nyẹn ló fa ihò náà. Bob Brain mú eegun àgbọ̀n ẹkùn tó wá láti inú ihò kan náà, ó gbé eyín ṣóńṣó rẹ̀ méjì lé ihò méjèèjì, wọ́n sì bára mu. Ẹkùn ló gbé ọmọ náà ní orí lọ. Nínú gbogbo ìtàn eegun tí mo mọ̀, kò sí èyí tó ń ká mi lára tó yẹn.

Láyé òde òní, eegun kò dá ẹ̀rí jẹ́ mọ́. Ní ọdún 2000, ọkọ̀ apẹja kan fi àwọ̀n wọ́ eegun àgbọ̀n Homotherium gòkè láti ìsàlẹ̀ Òkun Àríwá tó wà láàárín Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Holland. Ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọdún 28,000, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹranko náà ti kúrò ní Yúróòpù láti nǹkan bí ọdún 300,000 sẹ́yìn. Àwọn kan kò fẹ́ gbà á gbọ́. Ní 2017, DNA tí wọ́n yọ nínú eegun náà fi hàn pé òun gan-an ni. Èyí tó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu jù ni ọmọ Homotherium tí wọ́n rí nínú yìnyín Siberia ní 2020, tí ìwé rẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá 2024. Ọmọ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni nígbà tó kú, ní ohun tó ju ọdún 35,000 lọ, síbẹ̀ irun wà lára rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni yóò fojú rí àwọ̀ ara eléyín-idà. Àwọ̀ búráùn tó dúdú ni.

Kò sí yìnyín ní Àjàngbàdì. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń pa DNA run kíákíá, òjò wa sì ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń gba inú iyanrìn kọjá pẹ̀lú kíkan ewé tó ti jẹrà, ó sì ń yọ́ eegun díẹ̀díẹ̀ bí ọtí kíkan ṣe ń yọ́ èèpo ẹyin. Ibi tí eegun ti máa ń di òkúta ni ibi tí ẹrẹ̀ odò tàbí adágún bá tètè bò ó, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí omi tó ní ẹ̀fun sì ń rọra rọ́pò inú rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe pé ilẹ̀ Yorùbá kò ní nǹkan. Òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì kún fún ìkarahun àti àwọn ẹran omi, nítorí pé òkun ni ibẹ̀ ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Kò lè sí ológbò kankan níbẹ̀ o. Ẹbí ológbò kò tíì ju nǹkan bí 30 mílíọ̀nù ọdún lọ. Ní Ihò Eléérú, lẹ́bàá Ìsarùn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Thurstan Shaw àti àwọn ènìyàn rẹ̀ hú agbárí ènìyàn kan ní 1965, tó ti ju ọdún 11,000 lọ. Abẹ́ àpáta tí òjò kò dé ló wà.

Ẹni tó bá ń wá ológbò ńlá tó ń parun kò tilẹ̀ nílò láti gbẹ́lẹ̀. Ìwádìí kan tí Philipp Henschel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2014 sọ pé gbogbo kìnnìún tó kù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jẹ́ nǹkan bí 400, àwọn tó dàgbà tó láti bímọ nínú wọn kò sì tó 250. Ibi mẹ́rin péré ni wọ́n ti rí wọn, méjì nínú rẹ̀ sì wà ní Nàìjíríà: Kainji àti Yankari. Ẹkùn náà ti di ohun àwátì nínú ọ̀pọ̀ igbó wa. Bí wọ́n bá sì pa ọ̀kan, orí rẹ̀, eyín rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ á gba ọjà àwọn tó ń ta èròjà oògùn lọ, wọ́n á jó o, wọ́n á lọ̀ ọ́, kò ní sí ẹni tó mọ igbó tó ti wá. Láti 1985 ni òfin Nàìjíríà ti wà lórí òwò àwọn ẹranko tó fẹ́ parun. Ọjà kò dúró. Eegun kìnnìún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà nílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí wọ́n kọ ibi àti ọdún tí wọ́n ti rí i sí i lára, kò pọ̀, òun sì ni ẹni tó bá fẹ́ dá eegun mìíràn mọ̀ lọ́jọ́ iwájú máa nílò. Ẹran tó gbé àárín wa lánàá lè wá ṣòroó dá mọ̀ ju eléyín-idà Chad lọ.

Nítorí náà, bí eegun bá jáde nínú kànga yín, ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má fi epo pa á, ẹ má sì yọ eyín rẹ̀ láti fi dán ohunkóhun wò. Ẹ wọn jíjìn ibi tó ti jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà tàbí owó ẹyọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó tó kúrò lójú kan. Bí ó bá wúwo bí òkúta, tó dún gbàǹgbàn bí ẹ bá rọra fi èékánná kàn án, ẹ dáwọ́ gbígbẹ́ dúró. Bí ó bá jọ ti ènìyàn, ẹ pe ọlọ́pàá kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Fún ti ẹranko, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó kò jìnnà, Ọ̀jọ́ ló wà, àwọn tó ń kọ́ni nípa ẹranko sì wà níbẹ̀. Èyí tó bá ju agbára wọn lọ, ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ohun àtijọ́ ilẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ni ẹ máa gbé e lọ, pẹ̀lú ìwé tí ẹ kọ jíjìn rẹ̀ sí.